Ọdún Tí A Fi Ọ̀rá Mẹ́ta Wéra

Àpò ńlá kan ló gbé kọ́ èjìká wọlé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ó ń làágùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn wá.

"Ẹ káàárọ̀ o, àǹtí. Ṣé ibí ni yàrá àyẹ̀wò?"

"Ibí ni. Ta lẹ ń wá?"

"Ẹni tó ń yẹ ọ̀rá wò kí wọ́n tó kó o jáde."

"Èmi nìyẹn."

Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà, ẹ̀wù funfun tí wọ́n fún mi níbi iṣẹ́ sì tóbi débi pé mo ń ká apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Áà, mo wọ gàù," ó ní. "Ẹjọ́ yín ni mo wá rò, ẹ̀yin náà tún ni adájọ́."

Kí n tó wí nǹkan kan, ó ti da àpò náà sórí tábìlì mi. Ọ̀rá ni ó kún inú rẹ̀: ọ̀rá bisikíìtì, ọ̀rá kọfí, ọ̀rá ọṣẹ. Wọ́n ti fọ gbogbo wọn, wọ́n ti sá wọn gbẹ, wọ́n sì tẹ́ wọn pẹlẹbẹ bí aṣọ tí èèyàn lọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ wa ni gbogbo wọn pátá.

Ó wá ṣàlàyé. Òun àti ẹ̀gbọ́n òun ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní òdìkejì odò, níbi tí wọ́n ti ń fọ ọ̀rá tí àwọn èèyàn ti lò, tí wọ́n ń yọ́ ọ, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn: ìkòkò òdòdó, ọ̀pá omi, àga.

"Ṣùgbọ́n tiyín yìí, àǹtí, kò gbọ́ tiwa. Ẹ wò ó." Ó mú ọ̀rá bisikíìtì kan, ó fi èékánná họ igun rẹ̀, ó sì fà á sí méjì. Inú rẹ̀ tó rọ̀ bọ́ kúrò lára ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dán. "Oríṣi ọ̀rá méjì lẹ fi àtè lẹ̀ mọ́ra. Bí ọ̀kan bá ti yọ́, èkejì á ṣì máa ranjú mọ́ wa. Bí a bá dá kún iná, tàkọ́kọ́ á jóná. A ò sì lè yà wọ́n."

"Iṣẹ́ bàbá mi nìyẹn," mo dá a lóhùn.

Òótọ́ ni. Bàbá mi ló ń darí ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá mọ́ ọ̀rá láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Bàbá Onípele ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè wọ́n. Wọn kì í wo aago ara ẹ̀rọ náà, àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n máa ń gbé lé e lára, wọ́n á sì ní, "Inú ń bí i lónìí, ẹ dín iná kù."

Ẹ̀rín kúrò lójú àlejò mi. "Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀. Mi ò sọ pé iṣẹ́ náà ò dáa o. Ó dáa jù ni. Wàhálà wa gan-an nìyẹn."

Mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu mi.

Bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń ra ọ̀rá lọ́wọ́ wa náà ti ń béèrè fún èyí tó ṣeé yọ́. Ọ̀gá àgbà pè mí. Ó ní kí n mú oríṣi ọ̀rá mẹ́ta, kí n fi wọ́n wéra fún oṣù mẹ́fà, kí ọkùnrin òdìkejì odò yẹn sì máa bá wa yọ́ èyí tó bá ṣẹ́ kù. Bó ṣe di pé ó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nìyẹn. Kò pé oṣù kan tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Àtúnyọ́.

Àwọn ọ̀rá mẹ́ta náà, a fún àwọn náà lórúkọ. Ọ̀kan ni Rírọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì. Èkejì ni Aláriwo, ó mọ́ kedere bí gíláàsì, ó sì máa ń ké bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án. Ẹ̀kẹta ni Onípele, èyí tí bàbá mi ń ṣe.

"Ẹ dijú," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan.

"Kí ni mo fẹ́ dijú ṣe?"

"Ẹ ṣáà dijú. Mi ò ní jí tábìlì yín gbé."

Mo dijú. Ó fún ọ̀rá kan pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Ìró rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń mí lójú oorun lọ. "Rírọ̀," mo ní. Ó fún òmíràn, ó dún bí ewé gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀. "Aláriwo." Ó fún ẹ̀kẹta, ó hó wàyà, ó sì dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò kàn tètè dáhùn ni. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá etí mi, mi ò sì fẹ́ kó gbé e kúrò.

Bí mo bá rántí yàrá yẹn báyìí, òórùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn: àtè, ọ̀rá gbígbóná, àti bisikíìtì. A di bisikíìtì, iyọ̀, ọṣẹ, kọfí àti mílíìkì lẹ́búlẹ́bú sínú ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù gbígbóná tí a gbé abọ́ omi sí nísàlẹ̀, kí ooru àti ọ̀rinrin lè dán wọn wò. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ la máa ń tú díẹ̀ wò. A óò gbóòórùn kọfí, a óò fọwọ́ pa iyọ̀, a óò sì jẹ bisikíìtì wò bóyá ó ṣì ń dún lẹ́nu. A fa ọ̀rá, a jù wọ́n sílẹ̀ láti orí àga, a gbé ìwé ńlá lé wọn lórí. Ọkùnrin náà á kó àjákù lọ sílé, ìgbà tó bá sì padà, á gbé ìṣù ọ̀rá yíyọ́ wá. Ìṣù Rírọ̀ àti Aláriwo máa ń dán. Ìṣù Onípele máa ń ní ihò kiri bí afárá oyin, ó sì ń rùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹsàn-án, ó na bisikíìtì sí mi. "Jẹ èyí wò."

Bó ti sọ ọ́ tán ló fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú, àǹtí. Ẹ jẹ èyí wò."

"Kí lo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?" mo dá a lóhùn.

Mo gba bisikíìtì náà, mo sì jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni "ẹ" ti kúrò láàárín wa, kò sì padà wá mọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí sìn mí dé ibùdókọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ọ̀nà ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, àwa máa ń rìn ín fún ìdajì wákàtí. Níbẹ̀ ló ti sọ ọ́, láàárín ariwo ọkọ̀, tí ìyá kan tó gbé ọmọ pọ̀n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi," ó ní, "mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ dáadáa. Àmọ́ ní Ọjọ́ Mọ́ńdè, Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń rò. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń dà bíi pé ọ̀sẹ̀ ti parí láìní ìdí."

"Ṣé bisikíìtì lò ń rò ni?"

"Bisikíìtì náà wà ńbẹ̀."

Ìyá yẹn bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi," ó sọ fún mi, "dá a lóhùn kí ọkọ̀ tó dé."

Mo dá a lóhùn. Mo ní mo fẹ́ ẹ, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àpò èjìká rẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú kan ni mo mú un lọ sílé. Ìyá mi se oúnjẹ bí ẹni ń retí ọba. Bàbá mi jókòó sídìí tábìlì, wọ́n sì béèrè ohun tí gbogbo bàbá ń béèrè.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Ó sọ ọ́ fún wọn.

"Pàǹtírí," bàbá mi ní.

"Pàǹtírí ni lóòótọ́, bàbá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pàǹtírí nígbà tó kúrò lọ́wọ́ yín."

Mo mọ̀ pé ó fi ìyẹn yìn wọ́n ni. Bàbá mi kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ìwọ lo ń wá sí yàrá àyẹ̀wò láti pa ẹ̀rọ mi."

"Bàbá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o—"

"Ẹ̀rọ yẹn ló rán ọmọ tó o fẹ́ fẹ́ nílé-ìwé. Ẹ̀rọ yẹn ló fi ẹ̀wù funfun sí i lọ́rùn. Ìwọ dé lánàá, o ní ohun tó ń ṣe kò wúlò. Dìde. Jẹ́ kí èmi àti ìdílé mi jẹun."

Ó dìde. Àwo oúnjẹ rẹ̀ kò tíì dé ìdajì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, ó sì lọ.

Nínú ilé ìdáná, mo fọ àwo kan náà títí ìyá mi fi gbà á lọ́wọ́ mi. "Ọmọkùnrin náà dáa," wọ́n ní. "Bàbá rẹ náà rí i. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n."

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan kan wà tó lè ba bàbá mi lẹ́rù.

Oṣù mẹ́fà pé. Mo jókòó, mo sì kọ ohun tí ojú mi rí. Rírọ̀ tó fún iyọ̀ àti ọṣẹ. Aláriwo pa bisikíìtì mọ́ dáadáa, ó sì ṣeé yọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì, òórùn kọfí sá lọ kó tó pé oṣù kan, mílíìkì sì bẹ̀rẹ̀ sí yí adùn padà. Onípele nìkan ló dá wọn dúró. Nítorí náà mo kọ ọ́ pé: kí a yọ Onípele kúrò lára iyọ̀, ọṣẹ àti bisikíìtì; kí a fi í sílẹ̀ fún kọfí àti mílíìkì títí a óò fi rí èyí tó dáa jù ú lọ.

Bàbá mi kà á, wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Olólùfẹ́ mi náà kà á níwájú mi, lórí ìdúró.

"O fi Onípele sílẹ̀."

"Fún nǹkan méjì péré. O wà níbẹ̀. Ìwọ náà gbóòórùn kọfí yẹn."

"Ọ̀rá mílíìkì ló pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí a ń dà nù! O mọ̀. Nítorí bàbá ẹ lo ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá mi ní nítorí ẹ ni mo ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀!"

"Ó dáa. Èmi ò wá sáàárín ìwọ àti ilé yín."

Ẹyin lohùn. Èyí tó bọ́ lọ́jọ́ náà, àwa méjèèjì ló fọ́ mọ́ lẹ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, awakọ̀ wọn ló wá kó àjákù. Mo bi í pé báwo ni ọ̀gá rẹ̀, ó ní àlàáfíà ni. Mo wọ inú yàrá àyẹ̀wò lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Oṣù mẹ́jọ la fi wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ bàbá mi wá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ọjọ́ yòókù, wọ́n á jókòó sílé, wọ́n á máa tún rédíò tí kò bàjẹ́ ṣe. Èmi náà rí ìtìjú tèmi: àwọn oníṣọ̀ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí ké pé àpò ọṣẹ tuntun kò lè dá dúró lórí pẹpẹ, ó ń nà, ó ń ya. Àpò kékeré ni mo ti dán wò. Àpò ńlá kò wá sí mi lọ́kàn. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá àgbà fúnra mi pé ẹ̀bi mi ni.

Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun ìrọ̀lẹ́, bàbá mi ṣàdédé sọ̀rọ̀.

"Ọmọkùnrin yẹn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, kí ló ní ó ń ṣe ọ̀rá mi?"

Ìyá mi wò mí. Mo gbé omi mì. "Ó ní oríṣi ọ̀rá méjì ni a lẹ̀ mọ́ra, wọn kò sì ṣeé yọ́ pọ̀."

"Ó ní oríṣi méjì. Kò ní ọ̀rá méjì."

"Oríṣi méjì ló ní."

Wọn kò jẹun mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ náà, ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá ti ń sinmi, bàbá mi á wẹ̀, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á sì jáde láàárọ̀. Bí mo bá béèrè, ìyá mi á ní, "Wọ́n lọ kí ọ̀rẹ́ wọn." Mo rò pé inú ilé ló sú wọn.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ tó ń kó àjákù ṣàìsàn, ọ̀gá àgbà sì ní kí n bá wọn gbé e lọ. Mo fẹ́ kọ̀. Síbẹ̀, mo lọ.

Ilé-iṣẹ́ tó wà ní òdìkejì odò yẹn kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Ọ̀rá tí wọ́n ti fọ̀ wà lórí okùn káàkiri àgbàlá, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọn. Mo kọjá lábẹ́ wọn, mo ya igun, mo sì dúró gbagidi. Bàbá mi ló jókòó lórí àpótí, wọ́n ká apá ẹ̀wù, wọ́n mú ìṣù ọ̀rá kan dání. Ọ̀gbẹ́ni Àtúnyọ́ kúnlẹ̀ síwájú wọn, àwọn méjèèjì sì ń jiyàn.

"Àtè ti pọ̀ jù," ó ní.

"Èmi lò ń kọ́ ní àtè? Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!"

"Bàbá, mo ní ó pọ̀ jù. Ẹ wo ihò."

Bàbá mi gbé ìṣù náà sún mọ́ ojú. "Ó pọ̀ jù díẹ̀," wọ́n gbà.

Ìgbà náà ni wọ́n rí mi. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí lo wá ṣe níbí?"

"Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá?"

Wọ́n na ọ̀rá kan sí mi, wọn kò sì wò mí lójú. Mo fún un pọ̀ lẹ́bàá etí: kò hó bíi ti Onípele, bẹ́ẹ̀ ni kò dákẹ́ bíi ti Rírọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí èèyàn bá rọra fa ọ̀rá rírọ̀ gùn, á kọ́kọ́ nà, lẹ́yìn náà á wá le, á sì mọ́ kedere. Ohun tí bàbá mi rò nìyẹn. Wọ́n fa Rírọ̀ kan títí ó fi le, wọ́n wá fi ẹ̀rọ wọn lẹ̀ ẹ́ mọ́ Rírọ̀ mìíràn tí wọn kò fà. Ìpele méjì ni, oríṣi kan ṣoṣo. Ó dúró ṣinṣin, kò ya, bí wọ́n bá sì yọ́ ọ, á yọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kọfí ṣì kọ̀ ọ́ o. Ṣùgbọ́n ọṣẹ gbà á.

"Mo fẹ́ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́," bàbá mi ní. Wọ́n ti wò ó tó ìgbà ogún. Wọ́n rìn lọ, wọn kò bojú wẹ̀yìn.

Ó ku àwa méjèèjì. Ó ti rù díẹ̀.

"Mo tún ìwé tó o kọ kà," ó ní. "Mo kà á títí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, èmi ni mi ò fẹ́ gbọ́. Dárí jì mí, ayanfẹ́."

"Ta ló ránṣẹ́ pe bàbá mi?"

"Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Mo ṣí géètì láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá wọn tí wọ́n gbé róòlù ọ̀rá sábẹ́ apá. Wọ́n ní àwọn wá bẹ̀ mí. Wọ́n ní àwọn lé mi nídìí oúnjẹ, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ àwọn dàgbà. Mi ò jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀."

"Kí ló dé tó ò wá bá mi nígbà náà?"

"Wọ́n ní kí n ní sùúrù. Wọ́n ní bí iṣẹ́ yìí bá forí ṣánpọ́n, wọn kò fẹ́ kí o sunkún lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ti àkọ́kọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tó le, tó ń ta sánsán ọṣẹ. Ó ní, "Ṣé wàá fẹ́ mi?" Mo ní, "Ṣé mo tíì dẹ́kun ni?"

A ṣe ìgbéyàwó ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọ́fíìsì kékeré kan tí àga rẹ̀ kò tó fún ìdílé méjèèjì. Bàbá mi pẹ́ dé, nítorí ẹ̀rọ wọn ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́, wọn kò sì fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n jókòó ti ọkọ mi, kì í ṣe tèmi. Kí akọ̀wé tó pè wá, wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ kọfí.

Ọ̀rọ̀ kọfí yẹn ni wọ́n sọ fún ọdún mẹ́sàn-án. Gbogbo Ọjọ́ Àìkú, nínú ilé ìdáná wa, tòun ti ìwé àti gègé, wọn kò sì rí ojútùú rẹ̀. Èmi á máa dáná, ìyá mi á máa bẹ èso, a óò sì máa gbọ́ ariwo wọn. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ohùn yẹn ni mo máa wá fẹ́ gbọ́ jù láyé yìí.

Bàbá mi kú ní ọdún kẹsàn-án náà, lójú oorun. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, mo rò pé èmi ni àwọn èèyàn máa dì mú. Èmi ni mo di ọkọ mi mú. Ó dúró sétí sàréè, ó fọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì gbà kí a mú un kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan láti ilé-iṣẹ́, tó ti fẹ̀yìn tì kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, sún mọ́ ìyá mi. Ó rọra béèrè pé, "Ìyàwó wa, ta ni ọkùnrin yẹn? Ṣé àkọ́bí wọn ni?"

Ìyá mi wo ọkọ mi fún ìgbà pípẹ́.

"Òun ni," wọ́n ní.